Mo Pe Ẹ̀dínwó Ní Àwìn

Bàámi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún yín láti Houston níbí. Mo kí ìyá mi, mo kí Ẹ̀gbọ́n mi Káyọ̀dé àti ìyàwó wọn, mo kí Bùnmi àbúrò mi pẹ̀lú ìkókó tí mi ò tíì fojú kàn. Ẹ má bínú pé lẹ́tà yìí kò wá nínú àpòòwé bí ti tẹ́lẹ̀. Mo bẹ àwọn tó ń tẹ ìwé ìròyìn fún àwa Yorùbá ìlú yìí pé kí wọ́n bá mi gbé e jáde, kí tilé tóko kà á. Ojú gbogbo ènìyàn ni mo ti ṣe ohun tí mo ṣe, kò yẹ kí n wá máa sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀.

Ẹ máa ń béèrè bí ojú ọjọ́ ṣe rí. Ó gbóná, Bàámi. Kì í ṣe irú ooru Iléṣà tí atẹ́gùn òkè máa ń fẹ́ sí tó bá di ìrọ̀lẹ́. Ooru tó kún fún omi ni, aṣọ á ti lẹ̀ mọ́ni lẹ́yìn kí a tó ti ilẹ̀kùn ọkọ̀. La Porte ni mo ṣì ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń kó àwọn àgbá kẹ́míkà gba etí omi wọlé. Ẹnu géètì ni wọ́n fi mí sí: ta ló wọlé, ta ló jáde, kí ni ọkọ̀ rẹ̀ gbé. Láti Alief tí mò ń gbé, wákàtí kan ni lórí fìríwéè tí mo bá ń lọ, tí mo bá ń bọ̀, ó di ohun tí Ọlọ́run bá fẹ́. Mo lè wà níbẹ̀ láti àárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́ kí n má gbọ́ Yorùbá ẹyọ kan. Nínú ọkọ̀ ni mo ti máa ń bá ara mi sọ ọ́. Màá máa ka àwọn pátákó ojú ọ̀nà, màá máa túmọ̀ wọn, bí ẹ ṣe máa ń ní kí n ṣe nígbà tí mo ṣì kéré.

Ẹni tó bá ń ka lẹ́tà yìí tí kò mọ̀ yín, kó mọ̀ pé ògbufọ̀ kóòtù ni yín kí ẹ tó fẹ̀yìn tì. Adájọ́ ń sọ èdè tirẹ̀, ẹlẹ́rìí ń sọ tirẹ̀, ẹ̀yin lẹ dúró láàárín. Ohun tí ẹ sì ń sọ fún wa nílé ni pé ògbufọ̀ kò gbọdọ̀ fi kún ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀, kò gbọdọ̀ yọ nínú rẹ̀. Bí ẹlẹ́rìí bá fi ẹnu ara rẹ̀ kó bá ara rẹ̀, kí ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ará ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí ló mọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́. Mo ti fi yín yangàn jù.

Ọ̀rọ̀ Màmá Dúpẹ́, àbúrò yín, ni mo fẹ́ sọ. Ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tí Dúpẹ́ ti kú tí ọkọ rẹ̀ sì ti fẹ́ ìyàwó mìíràn, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n wà. Ohun tí mi ò sọ fún yín lórí fóònù ni pé wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde mọ́. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni apáàtìmẹ́ǹtì wa wà, àtẹ̀gùn rẹ̀ jẹ́ mẹ́rìndínlógún, irin ni, ó sì ga. Wọ́n ti ṣubú níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Láti ọjọ́ náà, ọjọ́ Sunday nìkan ni wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, èmi níwájú, ìyàwó mi lẹ́yìn, a ó máa rọra gbé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Mo ti béèrè yàrá ìsàlẹ̀. Èyí tó ṣófo níbẹ̀, omi ti wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ògiri rẹ̀ ti hu ebu, wọ́n kàn kun ọ̀dà lé e lórí ni. Ọdọọdún ni wọ́n sì ń fi kún owó ilé. Ojú fèrèsé ni Màmá Dúpẹ́ máa ń jókòó sí látàárọ̀, wọ́n ń wo ibi tí a ń gbé ọkọ̀ sí. Obìnrin ará Mẹ́síkò kan nísàlẹ̀ máa ń juwọ́ sí wọn, àwọn náà á juwọ́, kò sí ẹni tó gbọ́ èdè ẹnì kejì. Wọ́n sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé àwọn kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ènìyàn lè ṣẹ̀wọ̀n láìṣẹ̀.

Ilẹ̀ kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa tí koríko ti bò. Lọ́dún tó kọjá, ilé iṣẹ́ kan tó ń kọ́lé ní àwọn fẹ́ kọ́ ilé síbẹ̀ fún àwọn àgbàlagbà tí owó tó ń wọlé fún wọn kò pọ̀. Yóò ní líìfìtì. Owó ilé rẹ̀ á níwọ̀n, wọn kò sì ní lè máa fi kún un bó ṣe wù wọ́n. Èèyàn á kàn rìn gba ẹ̀yìn ọgbà wọ ṣọ́ọ̀ṣì ni. Nígbà tí mo sọ fún Màmá, wọ́n ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Wọ́n wá béèrè bóyá ilé náà á ní fèrèsé tó kọjú sí ibi tí ènìyàn ń gbà kọjá.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń rí owó kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀, torí ibẹ̀ ni mo ti ṣubú. Owó tó ń wọlé lórí rẹ̀ kò pọ̀, nítorí náà ìjọba máa ń fi nǹkan ran akọ́lé lọ́wọ́: wọ́n á ní kí àwọn tó bá dówó lé ilé náà san owó orí tó dín sí iye tó yẹ kí wọ́n san. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń pín àǹfààní yìí, àwọn tó ń wá a sì pọ̀ ju ohun tó wà nílẹ̀ lọ. Ẹni tí kánsù ìlú bá kọ̀wé fún pé àwọn wà lẹ́yìn rẹ̀ ló sábà máa ń rọ́wọ́ mú. Kánsù kò ní mú kọ́bọ̀ jáde níbẹ̀. Ìwé lásán ni. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó kọ ìwé náà, wọ́n máa ń fẹ́ gbọ́ ohun tí àwọn ará àdúgbò bá sọ.

Bẹ́ẹ̀ ni ilé iṣẹ́ náà ṣe rán ọmọbìnrin òyìnbó kan wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa lẹ́yìn ìsìn. Ó níwà, ó tilẹ̀ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀. Ó fẹ́ kí àwọn ìyá àgbà fọwọ́ síwèé, kó lè kó o lọ fún kánsù. Púpọ̀ nínú wọn ni kò gbọ́ òyìnbó dáadáa, ni Pásítọ̀ bá ní kí ọmọ ògbufọ̀ bọ́ síwájú. Mo tún táì mi ṣe. Mo kíyè sí ohùn mi kí n má baà pe kọ́lékọ́lé ní kólékólé níwájú àwọn àgbà. Mo bọ́ nínú ìyẹn, mo wá kó sínú èyí tó burú jù ú lọ.

Orúkọ tí wọ́n ń pe àǹfààní náà níbí ni tax credit. Mo gbọ́ apá àkọ́kọ́, ó di owó orí lẹ́nu mi. Mo gbọ́ apá kejì, mi ò tilẹ̀ mí, mo ní àwìn. Níbi tí a ti wá, kí ni wọ́n ń pè ní credit bí kò ṣe àwìn? Ṣebí ara ògiri gbogbo ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń kọ ọ́ sí pé kò sí àwìn lónìí, ẹ wá lọ́la. Ọmọbìnrin náà tún ní kí wọ́n jọ̀wọ́ ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn. Dípò kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mo fẹ́ sọ èyí tó dùn létí, mo ní kí wọ́n dúró fún àwọn akọ́lé náà. Ohun tó jáde lẹ́nu mi nìyí o, Bàámi: pé ìjọba fẹ́ fún àwọn akọ́lé ní àwìn owó orí, wọ́n sì fẹ́ kí ẹ̀yin ìyá wa fọwọ́ síwèé láti dúró fún wọn.

Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá á ti mọ ohun tí mo sọ. Èmi tí mo sọ ọ́ ni kò mọ̀. Mo ní kí àwọn obìnrin arúgbó wá ṣe onígbọ̀wọ́ fún gbèsè àjèjì. Màmá Dúpẹ́ wà ní ìlà iwájú. Ẹ̀yin náà mọ ẹni tí ọkọ wọn jẹ́, Òṣómàáló ni, tó ń ru aṣọ kiri ìlú onílùú, tó ń tà á láwìn, tó sì ń padà lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi rí owó gbà. Wọ́n ti bá a lọ rí, wọ́n ti rí i tí bàbá arúgbó kan ń sunkún nítorí pé ó dúró fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ní ti owó orí, ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé nígbà tí ẹ wà ní kékeré, inú àjà ni bàbá yín máa ń sá sí tí àwọn agbowó-orí bá wọ abúlé, pé ẹ̀yin àti Màmá Dúpẹ́ lẹ máa ń jókòó sísàlẹ̀, tí ẹ ó máa ṣe bí ẹni pé kò sẹ́nì kankan nílé. Ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ni mo so pọ̀, mo gbé e fún wọn.

Ìwé náà lọ yí ká, ó padà sọ́dọ̀ mi ní òfìfo. Kò sí ẹni tó bínú, kò sí ẹni tó béèrè nǹkan kan. Àwọn ìyá kàn ń wo bàtà wọn ni. Mo rò pé ẹ̀rù ìwé ìgbélùú ló ń bà wọ́n. Mo sọ fún ọmọbìnrin náà pé àwọn àgbà wa kì í fẹ́ fọwọ́ síwèé, kó má kà á sí. Ó béèrè bóyá a lè rí ẹnì kan tó máa wá sọ̀rọ̀ níwájú kánsù. Màmá Dúpẹ́ ní kí n sọ fún un pé àwọn á lọ. Inú mi dùn débi pé mi ò béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ lọ sọ.

Mo gbàyè lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Wọ́n wọ ìró àti bùbá aláwọ̀ ewé, wọ́n wé gèlè kékeré. Nínú gbọ̀ngàn kánsù, ó tutù bí inú fíríìjì. Àwọn onílé tí kò fẹ́ kí wọ́n kọ́ ilé náà ti wà níbẹ̀, gbogbo wọn wọ tíṣáàtì pupa lórí aṣọ wọn. Ọmọ Yorùbá kan wà láàárín wọn, ẹnjiníà ni, Clear Lake ló ti ń ṣiṣẹ́. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ó ní ilé mẹ́ta tó ń rẹ́ǹtì fún àwọn èèyàn nítòsí ilẹ̀ náà. Bó ṣe rí Màmá, ó dọ̀bálẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn, ó béèrè àlàáfíà wọn, ó bá wọn wá àga tó rọ̀. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó sọ fún kánsù pé irú ilé bẹ́ẹ̀ máa ń kó ìpáǹle wá sí àdúgbò, á sì mú kí iye tí ilé ẹni ń tà já wálẹ̀. Mo bú u nínú mi nígbà náà. Mi ò bú u mọ́. Ó mọ ohun tó wá ṣe, ó sì ṣe é.

Wọ́n pe orúkọ Màmá. Mo mú wọn lọ sídìí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n kí àwọn ìjọba, wọ́n kí wọn kú iṣẹ́ ìlú. Wọ́n ní àwọn dúpẹ́ pé wọ́n ro ti arúgbó. Wọ́n ní ilé náà wu àwọn, pé ẹsẹ̀ àwọn kò gba àtẹ̀gùn mọ́. Wọ́n wá ní ṣùgbọ́n àwọn kò lè dúró fún àwìn owó orí ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní àwìn ni ọkọ àwọn fi jẹun títí tó fi kú, àwọn mọ bó ṣe máa ń parí. Wọ́n ní bí gbèsè bá wà lórí ilé náà, kí ìjọba jọ̀wọ́ má gbé e wá sí àdúgbò àwọn, kí àwọn ọmọ àwọn má baà bá a nílẹ̀ lọ́jọ́ tí àwọn bá kú.

Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni gbogbo rẹ̀ ń là sí mi lójú. Mo rí ìwé òfìfo náà, mo rí àwọn ìyá tó ń wo bàtà. Àyè wà nígbà náà, Bàámi. Ó yẹ kí n kọjú sí kánsù, kí n sọ pé ẹ jọ̀wọ́, èmi ni mo ṣi ọ̀rọ̀ tú fún màmá yìí, ilé náà ni wọ́n fẹ́. Gbólóhùn kan péré ni. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin òyìnbó náà ń wò mí, ẹnjiníà ń wò mí, Pásítọ̀ náà jókòó lẹ́yìn. Mi ò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọmọ ògbufọ̀ kò mọ ọ̀rọ̀ tú. Mo la ẹnu mi, mo túmọ̀ gbogbo ohun tí Màmá sọ láìfi kún un, láìyọ nínú rẹ̀.

Nígbà tó yá, mo sọ fún ara mi pé ẹ̀kọ́ yín ni mo tẹ̀lé. Irọ́ ni. Mi ò rántí ẹ̀kọ́ kankan níbẹ̀, ìtìjú ló di mí lẹ́nu. Ẹ̀kọ́ yín ni mo wá fi bò ó mọ́lẹ̀ nígbà tí mo délé. Ìyẹn ló ń dùn mí ju àṣìṣe àkọ́kọ́ lọ, torí ẹnu lè ṣì í sọ, ṣùgbọ́n èkejì yìí, mo mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é.

Kánsílọ̀ àdúgbò wa dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá. Ó ní nígbà tí àwọn tó yẹ kó gbé inú ilé náà gan-an bá ní àwọn kò fẹ́ ẹ, kí ni àwọn tún ń wá. Wọ́n yọ ọ̀rọ̀ ilé náà kúrò lára ohun tí wọ́n máa dìbò lé. Àwọn onítíṣáàtì pupa pàtẹ́wọ́. Màmá rò pé àwọn ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún, wọ́n yíjú padà, wọ́n juwọ́ sí gbogbo wọn.

Ọjọ́ tí ìjọba ìpínlẹ̀ dá kọjá, kò sí ìwé kánsù. Mo lọ sí ọ́fíìsì kánsù láti ṣàlàyé. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ fara balẹ̀ gbọ́ mi, ó ní bí ilé iṣẹ́ náà bá tún wá lọ́dún tó ń bọ̀, a lè sọ ọ́ nígbà náà. Mo pe ọmọbìnrin òyìnbó náà. Ó jẹ́ kí n sọ tán, ó wá ní àwọn ti lọ sí ìlú mìíràn, àwọn kò ní ilẹ̀ náà lọ́wọ́ mọ́. Àwọn tó rà á fẹ́ kọ́ ilé ìkẹ́rùsí, èyí tí ènìyàn máa ń háyà láti kó ẹrù tí kò gba inú ilé rẹ̀ sí. Yóò ní ẹ̀rọ amúlétutù kí ẹrù má baà bàjẹ́. Yóò ní líìfìtì pẹ̀lú.

Orí fìríwéè ni mo wà, mò ń bọ̀ láti La Porte, nígbà tí ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n lò já lu ọkàn mi. Ẹ̀dínwó. Ẹ̀dínwó owó orí. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ọdún méje tí wọ́n bá rán níṣẹ́ lọ sọ́jà mọ̀. Bí mo bá sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, gbogbo àwọn ìyá yẹn á ti rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ta ni kò fẹ́ ẹ̀dínwó, wọ́n á sì fọwọ́ síwèé. Mo páàkì sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, mo sunkún. Àgbà ọkùnrin bí tèmi. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kò ṣe é kó mọ́.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ ń bá àwọn òbí túmọ̀ ní ilé ìwòsàn, ní báǹkì, ní ọ́fíìsì ìjọba, ìdí tí mo fi gbé lẹ́tà yìí jáde nìyẹn. Kí ẹ tó túmọ̀ ọ̀rọ̀, ẹ béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, ẹ má wo orúkọ rẹ̀ nìkan. Bí ẹ bá sì ti ṣì í, ẹ sọ ọ́ níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ojú tì yín kó tán. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹni tó bá mọ Màmá Dúpẹ́ nínú yín, kó bá mi pa á mọ́. Ojú wọn kò ríwèé kà mọ́. Wọn kò tíì mọ̀.

Bàámi, ẹ̀yin ni mo fẹ́ sọ èyí tó kù fún, bí tilé tóko tilẹ̀ ń gbọ́. Màmá gbà pé kánsù gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn. Wọ́n ní ṣebí mo rí bí àwọn òyìnbó ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn, tí wọ́n pàtẹ́wọ́. Pé àwọn akọ́lé náà ti lọ wá owó tí kò ní àwìn nínú ni, wọ́n á padà wá kọ́ ọ. Mo ti fẹ́ sọ fún wọn lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì sọ fún wọn pé katapílà ti wọ ilẹ̀ náà, pé wọ́n ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀. Ayọ̀ mú kí wọ́n dìde lórí àga fúnra wọn. Nígbà tí a délé, tí a gun àtẹ̀gùn tán, wọ́n ní kí n lọ bá wọn gba yàrá ìsàlẹ̀ kan nínú ilé tuntun náà tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, kí àwọn mìíràn tó gbà á tán. Wọ́n kúnlẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì, wọ́n gbàdúrà fún àwọn tó ń kọ́ ilé náà, pé kí ohun ìjàǹbá má ṣe wọ́n, kí wọ́n parí rẹ̀ láyọ̀, kí àwọn sì pẹ́ nínú rẹ̀. Wọ́n dúró kí n ṣe àmín. Mo ṣe é.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀yin àti ìyá mi sí fún wa, kó má jẹ̀ẹ́ kí ẹ fojú sunkún ọmọ. Kí ilé yín tù yín lára. Ẹ bá mi kí gbogbo ẹbí, ẹ kí àwọn ará àdúgbò, ẹ gbé ọmọ Bùnmi jó fún mi. Tí Màmá Dúpẹ́ bá bá yín sọ̀rọ̀ ilé náà lórí fóònù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wọn yọ̀ títí n ó fi rí ẹnu sọ ọ́.

Èmi ni ọmọ yín,
Ṣẹ́gun